Ẹ̀wà Tó Ṣẹ́kù Nínú Kèrègbè

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri ilé wa kìlọ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ohùn obìnrin ni. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe se irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa lára jẹ, ìbáà ṣe ẹ̀wà tàbí àgbàdo, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ fọ̀ ọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ti parí rẹ̀ ni wọ́n gbé orin sí i.

Èmi àti obìnrin tó háyà yàrá iwájú ilé wa la jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ta ni í jẹ irúgbìn? Irú ebi wo ló ń pa olúwarẹ̀?"

Mo ní, "Ó lè jẹ́ ọmọ kékeré."

"Ọmọ kékeré náà ò ní ìyá ni?"

Mo gbé abọ́ ẹ̀fọ́ mi wọlé.

Ọmọ náà ní ìyá. Èmi ni. Àkọ́bí mi obìnrin jẹ irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ ní oko tiwa, láti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ, ó sì kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Obìnrin tó rẹ́rìn-ín yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí kò yé e ni bí irú rẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ebi kò ti pa ẹnikẹ́ni, tí ìyá wà, tí ìyá àgbà wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Bẹyẹrúnkà ni mo fẹ́ ọkọ sí, nínú agboolé àwọn mùsùlùmí. Ọkọ mi ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ, ìyá rẹ̀ ló sì ni oko. Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn ilé wa sọ̀ kalẹ̀ síhà odò Ògùnpa, tó kọjá ibi tí ilé parí sí láyé ìgbà náà, yóò bá ilẹ̀ tóóró kan tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sínú omi. Ilẹ̀ náà kò tóbi. Ẹni tó bá dúró lókè rẹ̀ lè bá ẹni tó wà létí odò sọ̀rọ̀ láì pariwo. Ìsàlẹ̀ ni àkùrọ̀, níbi tí a ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a ń fi igbá bu omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òkè ni ilá, ata àti ẹ̀wà. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ń gbé ẹ̀fọ́ náà lọ sí Ọjà'ba, òun ni a sì fi ń jẹun nígbà tí iṣẹ́ aṣọ bá dákẹ́.

Ìyá kì í fi nǹkan ṣòfò lórí ilẹ̀ yẹn. Eérú ààrò, ìgbẹ́ ewúrẹ́, èèpo iṣu, gbogbo rẹ̀ ni a ń kó sínú agbọ̀n lọ sí oko. Kò gbà kí a ro koríko etí odò, ó ní òun ló di ilẹ̀ mú. Ibi tí ẹ̀fọ́ bá ti ń pọ́n, tí kò gbèrú mọ́, kò ní í tún gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀wà ló máa ń gbìn síbẹ̀ nígbà òjò àrọ̀kúrò. Bí a bá ká ẹ̀wà náà tán, a ó ro igi àti ewé rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ̀fọ́ tó bá sì hù níbẹ̀ lẹ́yìn náà máa ń dúdú minimini. Nítorí náà, irúgbìn ẹ̀wà ni agbára oko wa, ọwọ́ Ìyá nìkan ló sì máa ń wà.

Bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyí. Yóò sá a gbẹ dáadáa, yóò fi asẹ́ sẹ́ eérú, yóò pò wọ́n pọ̀, yóò rọ ọ́ sínú kèrègbè ńlá kan, yóò sì fi ṣùkù àgbàdo dí i lẹ́nu. Orí àjà tó wà lókè ààrò ni kèrègbè náà ń gbé, kí èéfín lè máa kọ lù ú. Lọ́jọ́ tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti lọ gbìn, funfun bí eérú ni gbogbo ẹ̀wà inú rẹ̀ ń rí. Ojú wa ti mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Bí a bá sì gbìn ín tán, tí díẹ̀ ṣẹ́ kù, Ìyá kì í dá a padà sínú kèrègbè, nítorí pé ọ̀rinrin oko ti kàn án, yóò sì ba èyí tó kù jẹ́. Ó ní ìkòkò kékeré kan lábẹ́ igi ọsàn tó wà lókè oko. Yóò fi omi fọ eérú ara ẹ̀wà náà nù, yóò sè é, yóò fi epo àti àlùbọ́sà sí i. Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ yìí nìkan láàárín ọdún ni ọmọdé ń jẹun ṣáájú àgbà ní ilé wa, inú wọn a sì máa dùn sí i ju ọjọ́ Iléyá lọ. Ọmọ mi ti jẹ ẹ́ láti ìgbà tó ti ń rá.

Èmi jẹ́ ẹni tí ń bẹ̀rù lórí ọmọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ara mi, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú agboolé. Odò Ògùnpa ni mo bẹ̀rù jù. Mo ti rí i nígbà tó kún dé ẹsẹ̀ igi ọsàn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe so ṣaworo mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀, kí n lè máa gbọ́ ibi tó wà bí mo bá ń tu koríko. Ìyá a máa rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó mi, ṣé ewúrẹ́ lo bí ni?" Ọmọ náà a sì ké bí ewúrẹ́ láàárín ilá, a ó jọ máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kòkòrò wọ inú kèrègbè. Bóyá eérú ò tó, bóyá ẹ̀wà náà kò gbẹ dénú, èmi ò mọ̀. Àbúrò ọkọ mi wá láti abúlé, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó da ẹ̀wà sórí ẹní, tó ń ṣà á. Mo ní láti sọ nípa ọkùnrin yìí. Nítorí pé ìyàwó kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀, Oníkòkó ni mo máa ń pè é. Kékeré ló wà nígbà tí wọ́n mú un lọ sí oko kòkó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Kò bá wa gbin ẹ̀wà rí. Kò jókòó sábẹ́ igi ọsàn yẹn rí.

Ó mú ẹ̀wà kan, ó gbé e sókè sí ojú oòrùn. "Ìyá, èyí kì í ṣe ẹ̀wà mọ́. Ajere ni."

"Máa fi mí ṣẹ̀sín. Bí o bá jẹ́ ọmọ gidi, wá nǹkan ṣe sí i."

"Màá wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ ò ní rí kòkòrò kan mọ́."

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ ti mú jù."

Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni mo bí ọmọkùnrin kan. Oníkòkó wá síbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ó gbé àpò iṣu lé èjìká, agolo sìgá kan sì wà nínú àpò agbádá rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń lò sí kòkòrò kòkó ló wà nínú agolo náà, èyí tó rí lẹ́búlẹ́bú, tí kì í ṣe olómi. Nígbà tí àwọn obìnrin ń gbé oúnjẹ jáde, ó wọ ilé ìdáná, ó sọ kèrègbè kalẹ̀, ó da oògùn náà sí i, ó mì ín pọ̀, ó sì gbé e padà sórí àjà. Ó bá ọkọ mi láàárín àwọn àlejò, ó sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá Ìyá tọ́jú irúgbìn wọn o. Kòkòrò tó bá tún débẹ̀, ikú ló ń wá." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Oníkòkó sáré lọ sí Mọ́lẹ̀tẹ̀ kí lọ́rì abúlé tó gbéra.

Ọkọ mi kò gbàgbé láti jíṣẹ́. Ó sọ fún Ìyá lálẹ́ ọjọ́ náà pé àbúrò òun ti bá wọn tọ́jú irúgbìn. Ìyá lọ ṣí kèrègbè wò, ó rí i pé ó funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbọ́ tí ó ń sọ ọ́ láti yàrá tí mo dùbúlẹ̀ sí. "Ọmọ yìí mà bu eérú sí i! Ó bù ú kún un dáadáa. Ọlọ́run á tọ́jú tìrẹ náà." Ó gbàdúrà fún un. Gbogbo wa ṣe àmín.

Nígbà tí àrọ̀kúrò rọ̀, tí ilẹ̀ rọ̀, èmi kò tí ì lè lọ sóko, nítorí pé mi ò tí ì pé ogójì ọjọ́ tí mo bímọ. Ìyá ní òun àti ọmọ mi máa lọ. Ọmọ náà ti gbé igbá rẹ̀ lé orí kí ẹnikẹ́ni tó pè é.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ omi o."

"Ṣé èmi ni màá gbé ọmọ mi fún odò ni? Sùn, ìwọ obìnrin yìí. Fún ọmọ lọ́mú."

Ọmọ mi ní, "Màmá, màá bu ẹ̀wà bọ̀ fún yín."

"Jẹ tìrẹ yó."

"Mi ò ní jẹ ẹ́ tán. Màá fi ewé pọ́n ọn."

Mo ń gbọ́ ṣaworo rẹ̀ títí wọ́n fi kọjá ẹ̀yìn ilé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko, ẹnu Ìyá ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n gbìn ín tán kí oòrùn tó mú. Ẹ̀wà ṣẹ́ kù, kò ju ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lọ. Ó fọ̀ ọ́ lómi méjì. Ó ní ó ń rùn bí ohun tó ti bu, òun sì rò pé òjò ló fà á, nítorí náà òun fi àlùbọ́sà sí i ju bí òun ti ń ṣe lọ. Ó bù ú fún ọmọ náà ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe. Ọmọ náà jẹ, ó tún tọrọ. Ìyá fún un. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ìkòkò ni òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ha jẹ.

Kò tí ì tó àkókò ìrun àsárì tí mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn ilé. Ìyá ń bọ̀, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Nígbà tí a sọ̀ ọ́, ara ọmọ náà ń gbọ̀n, ó ń le, ó ń rọ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn obìnrin agboolé ní, "Gìrì ni! Gìrì ni!" Ọ̀kan ti sáré mú àgbo wá. Mo ní rárá. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún, gìrì kò mú un rí. Mo gbé ìkókó fún ẹni tó wà nítòsí mi, mo gbé ọmọ mi, mo sì jáde. Wọ́n ń pariwo lẹ́yìn mi pé mi ò tí ì pé ogójì ọjọ́. Ọkọ mi pàdé wa ní Bẹẹrẹ, ó dá takisí dúró.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní, "Kí ló jẹ?"

Ìyá ní, "Ẹ̀wà ni. Ẹ̀wà tiwa, láti oko wa."

"Kò jẹ nǹkan míì?"

"Kò jẹ nǹkan míì, ìyá mi. Èmi ni mo sè é."

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣubú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n gbé òun náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà rán ọkọ mi lọ sílé pé kó mú ìyókù ẹ̀wà náà wá. Inú kèrègbè kò ní ju èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ lọ. Dókítà fi ìka kàn án, ó gbé e súnmọ́ imú, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ń ṣe oko kòkó nínú ilé yín?"

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀.

Ọmọ mi kú bí wọ́n ti ń pe ìrun mọ̀ǹgàríbì ní mọ́sálásí tó wà nítòsí. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín. Nílé wa, a kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Ìyá padà sílé. Àwọn ọkùnrin ti pàdé, wọ́n ti pinnu pé kí a sọ fún un pé gìrì ni. Wọ́n ní bó bá gbọ́ òótọ́, yóò kú. Ṣùgbọ́n Ìyá kò yé bèèrè. Àwọn obìnrin agboolé náà sì ti ní ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́bàá kànga, wọ́n sì ń sọ ọ́ sókè kó lè gbọ́: "Ọmọ jẹ, ọmọ kú. Àgbà jẹ, àgbà yè." Ó débi pé bí Ìyá bá jáde wá tún iná ṣe, wọn a pe ọmọ wọn wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí. Orí ẹní ló wà.

"Ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi ń purọ́ fún mi. Ìwọ kì í purọ́. Kí ni mo fún ọmọ yẹn jẹ?"

Mo sọ fún un. Mo sọ nípa agolo sìgá, ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ohun tí dókítà wí. Mo sọ ọ́ nítorí pé kò yẹ kó gbà pé ohun kan wà nínú òun tó ń pa ọmọ. Mo tún sọ ọ́ nítorí pé ìkókó wà lẹ́yìn mi, ilé wa sì kún fún kèrègbè.

Kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Eérú ni mo rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Mo fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ lómi méjì."

"Mo mọ̀, Ìyá."

Oníkòkó wà níta. Láti ìgbà tó ti gbọ́, tó sì ti abúlé dé, ẹ̀bá ògiri ló jókòó sí, kò wọlé, kò jẹun. Ìyá gbóhùn sókè, ó pè é. Ọkùnrin náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, kò lè gbé orí.

"Dìde," Ìyá ní. "Èmi ni mo ní kí o wá nǹkan ṣe sí i. O wá nǹkan ṣe sí i. Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tútù."

Ẹ̀wà tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ náà hù. Kò sí ọ̀kan tí kò hù. Mi ò rí ẹ̀wà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí lórí ilẹ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ká a. Ó gbẹ sórí igi, ó bẹ́ dànù, ọkọ mi sì lọ ro gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀. Ìyá kò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí oko mọ́ láti ìgbà náà. Èmi ni mo gba ọkọ́.

Ohun tó kù ni èyí tó ṣòro fún mi jù láti kọ. Ọmọkùnrin mi dàgbà lójú Ìyá, ṣùgbọ́n Ìyá kò fún un ní nǹkan jẹ rí. Ó ń gbé e sẹ́sẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń pa ìtàn fún un. Bó bá ti kan oúnjẹ, yóò ká ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìborùn. Ọmọ náà a ní, "Ìyá àgbà, ẹ fún mi ní gúgúrú." Ìyá a ní, "Lọ bá ìyá rẹ." Gúgúrú náà wà lórí itan rẹ̀. Àwọn ọmọ agboolé kọ́ ọ pé kó máa pè é ní ahun, ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀, ó ń fò sókè sódò níwájú rẹ̀: "Ìyá àgbà ahun! Ìyá àgbà ahun!" Ìyá a rẹ́rìn-ín. "Ahun ni mí lóòótọ́."

Lọ́jọ́ kan mi ò lè fara dà á mọ́. Mo se iṣu fúnra mi, mo bó o, mo jẹ nínú rẹ̀ lójú Ìyá, mo sì fi ìyókù lé e lọ́wọ́. "Ìyá, ẹ fún un. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo ní kí ẹ fún un." Ẹ̀rù ń ba èmi náà, èmi tí mo se iṣu náà. Ìyá na ọwọ́ sí ọmọ. Iṣu náà bọ́ kó tó dé ọwọ́ ọmọ. Ó ṣà á nílẹ̀, ó dá a padà sínú àwo mi.

"Ọwọ́ mi ò lọ, ìyàwó mi. Má bínú."

Ó kú nígbà tí ọmọ náà ń ṣe kíláàsì kejì. Nígbà tí wọ́n ń pín àkàrà sàárà, ọmọ náà ní kí wọ́n má fún òun, pé Ìyá àgbà kò fẹ́ràn òun nígbà ayé rẹ̀. Mo mú un wọ yàrá, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí yìí fún un, níwọ̀n tó lè yé ọmọdé. Ó bi mí bóyá ó ṣì lè bẹ Ìyá àgbà nítorí orúkọ tó ń pè é.

Mo ṣì ń gbin ẹ̀wà lórí ilẹ̀ náà. Eérú nìkan ni mo fi ń pa á mọ́. Kòkòrò ń jẹ nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, mo sì ń gbin èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Èmi kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn ṣe bí mo ti ń ṣe. Mo mọ̀ pé ẹni tó ní oko ńlá kò lè máa ṣa ẹ̀wà lẹ́yọ lẹ́yọ lórí ẹní.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹ bá fi oògùn sí irúgbìn, ẹ má gbé e sí ilé ìdáná, ẹ má sì fi sínú ohun tí ẹ ti ń kó irúgbìn jíjẹ sí tẹ́lẹ̀. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni láti lọ sọ. Ẹ lọ bá ẹni tí ń dáná nínú ilé yín fúnra yín, bó ti wù kó dàgbà tó, kí ẹ sì sọ fún un pé májèlé ni, pé kò ṣeé fọ̀ nù. Ẹ jẹ́ kó tún un sọ fún yín, kí ẹ lè mọ̀ pé ó yé e. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìgbìn, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jíjìn, kí ẹ sin ín.